Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Yóò Sọ̀rọ̀ Láwùjọ

Nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí ni ẹ ti ń ka ìròyìn ìkómọ, ìgbéyàwó, oyè jíjẹ àti ìsìnkú àgbà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kì í ti í pe ẹnì kan kí ó dìde sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ a máa fi ọjọ́ méjì ronú ohun tí ẹnu yóò sọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ronú ohun tí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò sọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Àwọn baba wa ti mọ èyí pẹ́. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìyá tí ó bá ṣẹ́jú sí ọmọ rẹ̀ lóde àríyá kò la ẹnu, síbẹ̀ ọmọ ti mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ gba ẹran yẹn. Ẹni tí ó kawọ́ lérí ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tí ó fọwọ́ lẹ́rán, ìrònú ti bá a. Bí ẹnì kan bá wá ń ṣàdúrà fún ọkọ àti ìyàwó, tí ó fajú ro, tí ó sì ń na ìka sí àwọn àna bí ẹni ń jà, ta ni yóò ṣe àmín dénú?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ọjọ́ 15 oṣù October 1992, Ààrẹ Amẹ́ríkà, George Bush, wà lórí pèpéle pẹ̀lú àwọn méjì tí ń bá a du ipò. Bí obìnrin kan ti ń béèrè ọ̀rọ̀, Ààrẹ bojú wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kò sọ pé ọ̀rọ̀ sú òun, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà nínú rẹ̀ nìyẹn. A kò sọ pé aago ni ó mú un fìdí rẹmi nínú ìbò oṣù tí ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ aago náà di òní.

Fún àwa tí ń gbé láàrin Hausa, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá ṣe hawan Sallah, àwọn ẹlẹ́ṣin a sáré dé iwájú ọba, wọn a sì na ẹ̀ṣẹ́ sókè. Àlejò lè rò pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọba. Ìkíni ni, jinjina ni wọ́n ń pè é. Bákan náà, ẹni tí kò mọ̀ wá lè ṣe kàyéfì bí ó bá rí géńdé ọkùnrin tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ibi tí ó ká wa lára jù ni ti àwọn ọmọ wa. A kọ́ wọn nílé pé kí wọ́n má tẹjú mọ́ àgbà. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ wáṣẹ́, tí wọ́n ń wolẹ̀ níwájú ẹni tí ń bi wọ́n léèrè, ẹni tí kò mọ àṣà wa lè rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọ̀wọ̀ tí a kọ́ wọn a di ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn. Bí wọ́n bá sì délé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, tí wọ́n dúró ṣánṣán níwájú bàbá àgbà, wọn a ní ọmọ àjò kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má ṣe gba ọ̀kan lọ́wọ́ wọn nítorí èkejì. Ẹ ṣàlàyé fún wọn: níwájú àgbà ilé, kí ojú wálẹ̀, níbi iṣẹ́ àti lórí pèpéle, kí ojú ko ojú.

Ẹ̀yin tí yóò dìde sọ̀rọ̀, ẹ gba èyí mọ́ ọn:

1. Ẹ tún agbádá tàbí gèlè ṣe kí ẹ tó dìde, kì í ṣe láàrin ọ̀rọ̀.

2. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ wo àwọn tí ó wà lẹ́yìn pátápátá, kí ẹ tó kí àwùjọ.

3. Bí ẹ bá ń ka ìwé, ẹ má fi bojú.

4. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ na sí ènìyàn, kì í ṣe ìka kan. A kì í sì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

5. Ẹ máa wo ara àwọn olùgbọ́ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ń yí lórí ìjókòó, tí àwọn ìyá sì ti ń pọn ọmọ, ọ̀rọ̀ ti tó.

Ó yẹ kí a máa pe ọ̀dọ́ kan dìde ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí àwọn àgbà sì fi ìfẹ́ tọ́ ọ sọ́nà. Àárín ẹni ni a ti ń kọ́ ọ kí a tó dé àárín àlejò.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ara wa tako ẹnu wa. Àmín.