Tassili n'Ajjer: Òkè inú aṣálẹ̀ tí àwòrán ibẹ̀ fi hàn pé Sàhárà ti tutù rí

Ẹni tó bá fẹ́ rí Tassili n'Ajjer gbọ́dọ̀ múra láti fi ẹsẹ̀ rìn dáadáa.

Ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè Algeria yìí wà ní gúúsù ìlà oòrùn, nítòsí ẹnubodè Libya àti Niger. Ó fẹ̀ tó 72,000 kìlómítà níbùú lóròó.

Ọdún 1982 ni àjọ UNESCO fi kún àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo àgbáyé.

Báwo ni èèyàn ṣe ń dé ibẹ̀?

Ìlú Djanet ni àlejò máa ń kọ́kọ́ dé. Ó tó nǹkan bíi 1,500 kìlómítà sí Algiers, olú ìlú orílẹ̀-èdè náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń wọ bàálù lọ.

Àlejò kò lè dá gun òkè náà. Ó gbọ́dọ̀ ní afinimọ̀nà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Tuareg.

Mọ́tò kò lè gun ibẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru omi, oúnjẹ àti ẹrù, tí àwọn èèyàn á máa fi ẹsẹ̀ gun àárín àpáta.

Ìgbà tí ooru bá rọlẹ̀, láàárín Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kẹrin, ló dára jù, àmọ́ òtútù ibẹ̀ máa ń mú gan-an lálẹ́.

Kí ló wà lórí òkè?

Àwòrán tí wọ́n kùn tàbí tí wọ́n fín sára àpáta níbẹ̀ lé ní 15,000.

Erin, àgùnfọn, erinmi àti agbo màlúù wà nínú wọn. Ẹ̀rí rèé pé omi àti koríko ti wà níbẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ràkúnmí ló wá ń hàn nínú àwòrán.

Kí ló ń ba àwòrán náà jẹ́?

Lọ́dún 1956, Henri Lhote, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kó ikọ̀ lọ síbẹ̀ láti ya ẹ̀dà àwòrán náà. Wọ́n ń fi omi nù wọ́n kí àwọ̀ wọn lè hàn.

Àwọn arìnrìn-àjò kan náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn nítorí fọ́tò, àwọn mìíràn sì jí irinṣẹ́ òkúta ayé àtijọ́ kó lọ.

Omi yìí ló jẹ́ kí àwọ̀ tó ti pẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣá. Kò sì sí ẹni tó lè tún un kùn.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ afinimọ̀nà kò fi mọ sórí ọ̀nà nìkan. Òun náà ló ń rí i pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan àwòrán, àti pé kò sẹ́ni tó mú òkúta kankan kúrò níbẹ̀.