Kí Ọwọ́ Awakọ̀ Má Baà Ṣì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Yàrá Awakọ̀ Bàálù Ológun Di Ọ̀kan

Bàálù ológun tó ń kó ẹrù máa ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju awakọ̀ tó kọ́kọ́ wà á lọ. Ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1954 ni C-130 Hercules kọ́kọ́ fò, wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ dòní. Láti nǹkan bí ọdún 1975 ni Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà ti ń lo C-130H. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra C-130H-30 tó gùn jù ú lọ. Tí ìtọ́jú bá péye, ara irin bàálù á pẹ́ ju ogójì ọdún lọ. Ohun tó ń tètè gbó ni èyí tó wà níwájú awakọ̀: àwọn aago, rédíò àti ẹ̀rọ atọ́nà.

Láti rí ewu tó wà nínú kí ẹ̀rọ wọ̀nyí gbó, ẹ wo òkè Dassa-Zoumè, ìyẹn Ìdáàṣà, ní Benin. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, àfi lójijì tí àpáta á yọrí. Ìlú olókè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń pè é. Bàálù tó ń fò lókè réré kò ní ohunkóhun í bá àpáta ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológun a máa mú bàálù wálẹ̀: kó ju ẹrù sílẹ̀, kó wá ẹni tó sọnù. Tí ọyẹ́ bá wá mú, tí eruku bo gbogbo ojú ọ̀run, ojú lásán kò tó.

Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ àtijọ́ ń fi ìgbì rédíò wọn bí ilẹ̀ ṣe jìn tó sí abẹ́ bàálù. Kì í wo iwájú. Níbi tí ilẹ̀ ti ń ga díẹ̀díẹ̀, ó ń kìlọ̀ lásìkò. Níbi tí àpáta ti dédé yọrí, ẹ̀pa lè má bóró mọ́. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, Don Bateman àtàwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó àwòrán ilẹ̀ ayé sínú kọ̀ǹpútà bàálù. GPS á sọ ibi tí bàálù wà, kọ̀ǹpútà á wo ohun tó wà níwájú. Lójú gíláàsì tó ń fi àwòrán han awakọ̀, òkè tó ga ju bàálù lọ dáadáa á pupa. Bí awakọ̀ kò bá yà, ohùn á pariwo "Pull up!", kó gbé imú bàálù sókè kíá.

Òfin ojú òfurufú náà ń yí padà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, láàárín gíga ẹsẹ̀ bàtà 29,000 sí 41,000 ní Áfíríkà, àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ló wà láàárín bàálù kan àti èkejì, dípò 2,000. Bàálù tí aago gíga rẹ̀ kò péye, àlàfo àtijọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tó ti ń jẹ epo jù.

Ríra ẹ̀rọ tuntun nìkan kò tán ọ̀rọ̀. Bàálù tí wọ́n rà ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ń tún ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, á di onírúurú: rédíò ti èyí wà lápá ọ̀tún, ti ìyẹn wà lókè orí. Awakọ̀ á máa tún ẹ̀kọ́ kọ́, ẹnjiníà á máa tọ́jú oríṣiríṣi ìwé àti ẹ̀yà ara. Bí iná bá sọ lóru, ibi tó ti mọ́ ọwọ́ lára ni ọwọ́ ń lọ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú yàrá awakọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo la fẹ́.

Amẹ́ríkà ti rí bó ṣe le tó. Ọdún 2001 ni wọ́n gbé iṣẹ́ sísọ yàrá awakọ̀ C-130 wọn di ọ̀kan fún Boeing, C-130 tó lé ní 500 ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Owó pọ̀ jù, wọ́n dín in kù sí 222, nígbà tó yá wọ́n pa á tì. Wọ́n wá pín iṣẹ́ sí méjì: ohun tí òfin ojú òfurufú pa láṣẹ kọ́kọ́, bíi ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tí bàálù wà, èyí tó di dandan níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2020, lẹ́yìn náà ni ojú gíláàsì.

Ọ̀kan lára ohun tó ń mú irú iṣẹ́ yìí wọ́n ni pé bàálù méjì tó jọra lóde lè má jọra nínú. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ tọpa wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò bóyá iná mànàmáná rẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ tuntun. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tí bàálù rẹ̀ kò pọ̀ á kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á mú àwòṣe kan, á dán an wò lórí bàálù kan, kó tó ra ẹ̀rọ fún ìyókù. Bí ọ̀gá tuntun bá dé, kó má ṣe yí àwòṣe náà padà láìnídìí.