Ṣé Bàrígà Wà Nínú Ìwé Òfin? Bí Agbára Ṣe Pín Láàárín Àbújá, Aláùsá àti Káńsù

Lónìí, a fẹ́ tú ọ̀rọ̀ agbára ìjọba palẹ̀: èwo ni ti Àbújá, èwo ni ti Aláùsá, èwo ni ti káńsù?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Igbóbì. Ilé ìwòsàn egungun tó wà níbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Jẹ́nẹ́rà Gbàgádà, tí kò jìnnà síbẹ̀, ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni. Ọjà, gáréèjì, iná ojú pópó àti nọ́ńbà ara ilé yín ńkọ́? Ìwé òfin ọdún 1999 fi wọ́n sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ìwé òfin yẹn ní àkọsílẹ̀ méjì. Èkíní jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan: ọmọ ogun, ọlọ́pàá, owó títẹ̀. Èkejì ni ohun tí àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ lè ṣòfin lé lórí. Wọ́n máa ń tún un ṣe: lọ́dún 2023, ọ̀rọ̀ rélùwéè kúrò nínú èkíní, ó bọ́ sínú èkejì.

Ó dáa. Bàrígà wá ńkọ́? Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin kọ fún Èkó. Ṣómólú wà níbẹ̀. Bàrígà kò sí.

Lọ́dún 2003, ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun 37 sílẹ̀, Bàrígà sì jáde lára Ṣómólú. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fárígá, ó dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Èkó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 2004, àwọn adájọ́ ní ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó náà dúró. Wọ́n tún ní Èkó lágbára láti dá tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí, àfi bí àwọn aṣòfin Àbújá bá fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń ṣí ilẹ̀kùn náà: ọ̀kan wà ní Aláùsá, èkejì wà ní Àbújá. Bí 37 náà ṣe di LCDA nìyẹn.

Kí ló kàn yín níbẹ̀? Owó ni. Ní oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sápò wọn, láìgba ọwọ́ gómìnà. Orúkọ Ṣómólú ni àpò Àbújá mọ̀. Síbẹ̀, nígbà tó di oṣù Keje, ọdún 2025, Èkó dìbò yan alága fún 20 àti 37 pọ̀. Gọ́tà tí à ń bi alága Ṣómólú, òun náà la ń bi ti Bàrígà.

Nítorí náà, bí gọ́tà bá dí, ẹ bi alága yín. Ẹ tún bi í pé eélòó ló ń wọlé, ọwọ́ ta ló sì ń gbà kọjá. Ní ti orúkọ Bàrígà nínú ìwé òfin, ẹ má bi alága. Àwọn aṣòfin tí ẹ dìbò rán lọ sí Àbújá lọ̀rọ̀ kàn.