Sáíkílóònù àti Ìjì Tí Ń Ṣí Òrùlé Wa

Nígbàkígbà tí ìjì bá jà ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò, tí ó sì ṣí páànù ilé, kì í pẹ́ tí àwọn kan yóò fi máa wí pé sáíkílóònù ti wọ Alímọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn, nítorí ẹni tí kò mọ irú ìjì tí ń jà ní àdúgbò rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sá.

Ọ̀gbẹ́ni Henry Piddington, Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó gbé ní Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà, ni ó fún ìjì náà ní orúkọ ní nǹkan bí ọdún 1848. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríkì tí ó jẹ mọ́ bí ejò ti ń ká ni ó ti mú un. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ a máa yí po bí ààjà, ṣùgbọ́n ààjà tí ó lè fẹ̀ ju láti Èkó dé Ìlọrin lọ. Omi òkun tí ó gbóná ni ó ti ń gba agbára. Bí eré afẹ́fẹ́ náà bá tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan, àwọn ará Amẹ́ríkà a pè é ní hárikéènì, àwọn ará Japan a pè é ní tàífúùnù. Irú rẹ̀ kan, Idai, ba ìlú Beira ní Mòsáḿbíìkì jẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2019.

Èkó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù. Níhìn-ín, yíyí tí ayé ń yí kò lágbára tó láti ká afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ (èyí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu) rúkèrúdò ojú ọ̀run tí ń gba Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kọjá a máa di hárikéènì nígbà mìíràn lójú òkun Atlantic. Ọ̀kan nínú wọn, Fred, jà ní erékùṣù Cape Verde ní ọdún 2015.

Ìjì tiwa ni ti òjò àti ààrá tí ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bọ̀ láti ìlà oòrùn, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òjò a mú afẹ́fẹ́ òkè tutù, a wúwo, a já wálẹ̀, a sì sáré ṣíwájú òjò náà. Kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le: irú èyí tí ó jà ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2012 wó ilé, ó sì gba ẹ̀mí.

Bí ìlà oòrùn bá ṣú dùdù, tí ooru mú, tí atẹ́gùn tútù sì gbá eruku dìde lójijì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù. Kí ọlọ́kadà má ṣe fara pamọ́ sábẹ́ igi tàbí pátákó ìpolówó. Kí onílé ti yẹ ìṣó páànù rẹ̀ wò kí oṣù Kẹta tó wọlé. Bí wáyà iná bá já sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Kí a pe 767 tàbí 112.