Ọmọ ọdún mélòó ló tó kọ́ kóòdù? Ohun tó yẹ kí òbí ní Tokpota mọ̀

Ní Tokpota, ní ìlú Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, iṣẹ́ méjì ló ń wọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ CI, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń kọ́ ìwé kíkà, ó sì ń kọ́ èdè Faransé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ níwèé, nígbà tó jẹ́ pé Gùn tàbí Yorùbá ló ń sọ nílé. Kí òbí tó fi kóòdù kún un, ó yẹ kó mọ̀ bóyá ọmọ náà ti tó o.

Kóòdù ni àwọn àṣẹ tí èèyàn ń tò tẹ̀léra fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kì í mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Ohun tí a bá sọ gan-an ló máa ṣe, ì báà jẹ́ pé a ṣì í sọ.

Kí ni àwọn onímọ̀ wí nípa ọjọ́ orí?

Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, gbà pé láti nǹkan bí ọdún 7 ni ọmọ ti ń lè ronú létòlétò nípa ohun tó ń fojú rí tó sì ń fọwọ́ kàn. Seymour Papert, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, bá a ṣiṣẹ́ ní Geneva. Lẹ́yìn náà, ní 1967, Papert wà lára àwọn tó ṣe Logo, èdè kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọdé. Èrò tirẹ̀ ni pé bí ohun tí ọmọ fi ń ṣeré bá yí padà, òye náà lè tètè dé. Ní 1982, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Nicholas Negroponte, gbé kọ̀ǹpútà Apple II fún àwọn ọmọ iléèwé kan lẹ́bàá Dakar, ní Senegal.

Lóde òní, ScratchJr, ètò kóòdù fún ọmọdé tó jáde ní 2014, wà fún ọmọ ọdún 5 sí 7. Àwòrán ni wọ́n fi ń pàṣẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà lè lò ó. Scratch, tó jáde ní 2007, wà fún ọmọ ọdún 8 sí 16, òun sì gba ìwé kíkà.

Ìdánwò tí kò gba kọ̀ǹpútà

Ìjàpá kan ni ọmọ ń darí nínú Logo. Ẹ lè ṣe é nínú àgbàlá yín. Ẹ ní kí ọmọ kan ṣe ìjàpá, kí èkejì máa pàṣẹ fún un pé: "Gbé ẹsẹ̀ márùn-ún síwájú. Yà sọ́tùn-ún." Bó bá pa àṣẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹrin, ìjàpá á padà síbi tó ti gbéra.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ máa wò. Ṣé ọmọ tó ń pàṣẹ lè to àṣẹ láìfo ọ̀kankan? Ṣé ó kíyè sí i pé ohun kan náà lòun ń tún sọ, débi tó fi ní kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin? Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé bí ìjàpá bá ṣìnà, ṣé ẹnì kejì ló máa bínú sí ni, àbí ó máa padà wá àṣẹ tó gbòdì, kó sì tún un ṣe? Ọmọ tó lè wá àṣìṣe ara rẹ̀ ti tó bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 6. Bí ọmọ ọdún 9 kò bá tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò túmọ̀ sí pé orí rẹ̀ kú. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe irú eré yìí sí i.

Èdè wo ni kó fi kọ́ ọ?

Ní 2017, Sayamindu Dasgupta àti Benjamin Mako Hill yẹ iṣẹ́ àwọn tó ń lo Scratch ní orílẹ̀-èdè márùn-ún wò. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń lo èdè ìlú wọn tètè ń mọ ọgbọ́n tuntun ju àwọn ará ìlú wọn tó ń lo ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Fún ọmọ Tokpota, ohun tó sún mọ́ èyí jù ni pé kó lo Scratch tó wà ní Faransé, èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ níwèé, nígbà tó bá ti lè ka Faransé já gaara. Kí àlàyé ẹnu sì jẹ́ ní Gùn tàbí Yorùbá.

Ọ̀fẹ́ ni Scratch. Bí wọ́n bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo sì tó ọmọ mélòó kan láti jọ lò. Ẹ má fi tipátipá kọ́ ọmọ nítorí pé ti aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọkùnrin nìkan máa jókòó sídìí ẹ̀rọ, kí ọmọbìnrin máa wẹ abọ́. Ẹni tó bá ti yege ìdánwò inú àgbàlá, ẹ fún un láyè tirẹ̀.