Alùpùpù Méjì: Honda CG125 àti Suzuki AX100
(Àròkọ Aláàlàyé)

Oríṣiríṣi ọ̀bẹ là ń rí lọ́jọ́ ikú erin. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríṣiríṣi alùpùpù ti gba ìgboro Muṣin kọjá, láti Ìdí-Òrò títí dé Ládípọ̀. Méjì tó ti Jàpáànì wá ni mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín: Honda CG125 àti Suzuki AX100.

Ohun àkọ́kọ́ tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹ́ńjìnnì. CG125, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1976, ní ẹ́ńjìnnì 124 cc. Písítìnì inú rẹ̀ máa ń gòkè lẹ́ẹ̀mejì, a sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí epo tó jó lẹ́ẹ̀kan. AX100, tí tirẹ̀ jẹ́ 98 cc, kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀: bí písítìnì bá ti gòkè tó sì sọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, epo ti jó. Ìdí nìyí tó fi ń tètè fò síwájú bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kéré.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni ìyàtọ̀ kejì. Ọ́ìlì CG wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó tó bíi lítà kan. Bó bá ti dúdú, a ó dà á nù, a ó sì rọ tuntun. Ọ́ìlì AX ní táǹkì tirẹ̀. Ó ń bá pẹtiróòlù wọlé, wọ́n á sì jọ jó pọ̀. Òun ló ń di èéfín tó ń tẹ̀lé e lójú títì. Bí táǹkì yìí bá gbẹ láìfura, písítìnì lè há lórí eré, kí táyà ẹ̀yìn sì dúró lójijì. Irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Nítorí náà, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀.

Ní ti àtúnṣe, AX rọrùn fún mẹkáníìkì láti tú, nítorí kò ní irú fáàfù tí CG ní. CG ní fáàfù, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Wọ́n wá fi ọ̀pá irin tín-ínrín rọ́pò ṣéènì tí ì bá máa gbé fáàfù náà, kí ó lè fara da ìlòkulò. CG kì í sì í mu epo tó AX.

Ẹni tó fẹ́ ra èyíkéyìí pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àtijọ́ gbọ́dọ̀ lajú. Àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ti ṣe irú méjèèjì jáde lọ́pọ̀ yanturu. Jincheng AX100 tí a mọ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan. Kí ó fi nọ́ńbà ara fíréèmù àti ti ẹ́ńjìnnì wé èyí tó wà nínú ìwé. Bí wọn kò bá bára mu, kí ó má sanwó, nítorí ẹni tó ra ẹrù olè lè sun àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹni tó sì fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ọ̀kadà gbọ́dọ̀ wádìí òfin kó tó ná owó àjọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Muṣin.

Ní àkótán, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. AX yẹ ẹni tó fẹ́ eré, tó sì lè ṣọ́ ọ́ìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá èyí tí yóò bá a kalẹ́, kí ó mú CG.