Ta Ni “Àwa”? Ìbẹ̀rẹ̀ Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà àti Àwọn Ìlànà Tó Gbé e Ró

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá túmọ̀ wọn sí èdè wa, “Àwa Ènìyàn” ni yóò jẹ́. Kì í ṣe orúkọ ọba ni ó ṣíwájú nínú ìwé náà, kì í ṣe orúkọ Ọlọ́run, kì í sì í ṣe orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n rán aṣojú lọ sí ìpàdé tí a ti kọ ọ́. “Àwa” yìí ni ó ń sọ̀rọ̀, òun náà ni ó ń fi òfin de ìjọba kí ìjọba tó lè fi òfin de ẹnikẹ́ni. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé inú ìwé, ètò ìjọba tí a gbé kà á lórí, àti àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí kò tíì parí. Mo ń kọ ọ́ fún àwọn Yorùbá tí ń gbé lẹ́yìn odi, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé yìí.

Àdéhùn tí kò ní owó lọ́wọ́

Ilẹ̀ mẹ́tàlá tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó kéde òmìnira wọn ní oṣù Keje ọdún 1776. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni ti owó orí: Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ń bu owó orí lé wọn, wọn kò sì ní aṣojú kankan nínú ilé náà. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ni wọ́n ti kọ́ ẹjọ́ tí wọ́n rò yìí. Láti ọdún 1215, tí àwọn ìjòyè fi ipá mú Ọba John láti gba ìwé Magna Carta wọlé, ni èrò náà ti wà nílẹ̀ pé ọba pàápàá wà lábẹ́ òfin. Ní ọdún 1689, òfin mìíràn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọba kò gbọdọ̀ gba owó orí bí ilé aṣòfin kò bá fọwọ́ sí i. John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì kọ ọ́ ní àsìkò kan náà pé ìfọwọ́sí àwọn tí à ń ṣe ìjọba lé lórí ni orísun àṣẹ ìjọba.

Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi kún un ni ìwé. Títí di òní, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìwé kan ṣoṣo tí ènìyàn lè nàka sí pé òun ni òfin ìpìlẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin wọn bá ṣe lónìí, ilé kan náà lè wọ́gi lé e lọ́la. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ òfin tí yóò ga ju ilé aṣòfin lọ, tí ilé aṣòfin kò sì ní lè dá yí padà.

Wọn kò rí i ṣe dáadáa ní ìgbà àkọ́kọ́. Àdéhùn ìṣọ̀kan tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá jọ ṣe, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1781, kò fún ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní agbára láti gba owó orí. Ìgbìmọ̀ náà lè tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Èyí tó wù wọ́n ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Kò sí ààrẹ tí yóò mú òfin ṣẹ. Bí a bá sì fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nínú àdéhùn náà, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, tí ìpínlẹ̀ kan bá kọ̀, ó ti tán nìyẹn. Ní ọdún 1786, àwọn àgbẹ̀ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn ní ìwọ̀-oòrùn Massachusetts gbé ìbọn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn àwọn ilé ẹjọ́ kí a má baà dá ẹjọ́ gbèsè wọn. Ọ̀kan nínú aṣáájú wọn ni Daniel Shays, ẹni tí ó ti jagun òmìnira. Ìjọba àpapọ̀ kò rí owó kó ọmọ ogun jọ; àwọn oníṣòwò ló dá owó tí a fi san owó iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun tó pa ọ̀tẹ̀ náà rẹ́. Ẹ̀rù ba àwọn ọlọ́lá. Ìbẹ̀rù yìí wà lára ohun tí ó bí Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀, kò sì yẹ kí a fi pamọ́ nígbà tí a bá ń ròyìn ìfẹ́ òmìnira àwọn tí ó kọ ọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1787 ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia. Aṣojú márùndínlọ́gọ́ta ni ó wá láti ìpínlẹ̀ méjìlá. Rhode Island kọ̀, kò rán ẹnikẹ́ni. George Washington ni alága. Wọ́n ní kí wọ́n tún àdéhùn àtijọ́ ṣe ni. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì kọ tuntun. Ìjà tó gbóná jù láàárín wọn ni ti àwọn ìpínlẹ̀ ńlá àti kékeré. Wọ́n parí rẹ̀ báyìí: nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin, iye ènìyàn ni yóò pinnu iye aṣojú, nínú Ilé Aṣòfin Àgbà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní ènìyàn méjì-méjì, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án, aṣojú mọ́kàndínlógójì fọwọ́ sí i.

Àìfọkàntán gẹ́gẹ́ bí ìlànà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà, yóò dáhùn pé ẹ̀ka mẹ́ta ni ó ní: ẹ̀ka aṣòfin, ẹ̀ka aláṣẹ àti ẹ̀ka ìdájọ́. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tó. Montesquieu, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ ọ́ ní ọdún 1748 pé òmìnira kò lè sí níbi tí ọwọ́ kan náà ti ń ṣòfin, tí ó ń mú un ṣẹ, tí ó tún ń dájọ́. Ohun tí James Madison àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ni pé ìpín nìkan kò lè dúró. Bí o bá pín àṣẹ sí mẹ́ta tí o sì fi wọ́n sílẹ̀, èyí tó lágbára jù yóò gbé méjì yòókù mì. Nítorí náà, wọ́n fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó lè fi dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé àbá òfin kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní ọ̀rọ̀ kan náà. Ààrẹ lè fọwọ́ sí i, ó sì lè dá a padà. Bí ó bá dá a padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan lè sọ ọ́ di òfin lójú rẹ̀. Tí ó bá di òfin tán, ẹni tí ó pa lára lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, adájọ́ sì lè sọ pé ó tako Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀, kò sì jẹ́ òfin mọ́. (Agbára ìkẹyìn yìí kò hàn gbangba nínú ìwé náà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ni ó kéde rẹ̀ fún ara rẹ̀ nínú ẹjọ́ Marbury àti Madison ní ọdún 1803.) Ààrẹ ni ó ń yan àwọn adájọ́, ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin Àgbà ni yóò gbà wọ́n wọlé, lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tí ó lè dín owó oṣù wọn kù. Ààrẹ ni ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aṣòfin ni kíkéde ogun wà, wọn kò sì gbọdọ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ju ọdún méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ní idà kò ní àpò owó.

Ìdí gbogbo rẹ̀ ni àìfọkàntán. Madison kò gbà pé ènìyàn rere ni yóò máa wà lórí àlééfà nígbà gbogbo, ó sì kọ́ ilé rẹ̀ fún ọjọ́ tí ènìyàn burúkú bá dé ibẹ̀. Èmi rò pé apá yìí ni Amẹ́ríkà ti gbọ́n jù.

Obìnrin kan ní Sheffield

Ṣùgbọ́n ta ni ó fún àwọn ọkùnrin márùndínlọ́gọ́ta ní àṣẹ láti sọ pé “àwa”? Massachusetts ti dáhùn ìbéèrè yìí ṣáájú. Ní ọdún 1780, ìpínlẹ̀ náà kọ òfin ìpìlẹ̀ tirẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ìpàdé ìlú kọ̀ọ̀kan kí àwọn ará ìlú dìbò lé e lórí. John Adams ni ó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ pé a bí gbogbo ènìyàn ní òmìnira àti ní ọgba.

Ní Sheffield, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ẹrúbìnrin kan wà nílé John Ashley. Bett ni wọ́n ń pè é. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tí òfin tuntun náà wí. Ó tọ agbẹjọ́rò kan lọ, Theodore Sedgwick, ó ní bí gbogbo ènìyàn bá dọ́gba lóòótọ́, òfin náà kan òun. Ní ọdún 1781, ní ilé ẹjọ́ Great Barrington, àwọn ará ìlú tí a yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre, òun àti ọkùnrin ẹrú kan tí ń jẹ́ Brom, wọ́n sì ní kí Ashley san ọgbọ̀n ṣílè fún wọn. Bett sọ ara rẹ̀ ní Elizabeth Freeman. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 1790, a kò kọ ẹrú kankan sílẹ̀ fún Massachusetts.

Obìnrin tí kò mọ̀wé yìí ka òfin ìpìlẹ̀ bí ó ti yẹ kí a kà á: ó mú ọ̀rọ̀ náà ní ohun tí ó wí.

Philadelphia kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà “ẹrú” ti fara hàn nínú ìwé tí wọ́n kọ ní ọdún 1787, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹrú wà níbẹ̀ ní ibi mẹ́ta ó kéré tán. Èkíní, nínú kíka ènìyàn láti pín ìjókòó Ilé Aṣojú-ṣòfin, ẹrú márùn-ún ni wọ́n kà sí ènìyàn mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi èyí gbọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí wọ́n ní ẹrú púpọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí a ka ẹrú sí odidi ènìyàn, kí ìjókòó wọn lè pọ̀. Àwọn ará Àríwá ni wọ́n ní ẹni tí ẹ ń tà bí ẹran ọ̀sìn, ẹ kò lè tún fi í gba ìjókòó. Ẹrú kò dìbò, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ fi agbára kún ọwọ́ ẹni tí ó dè é. Èkejì, ẹrú tí ó bá sá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà. Ẹ̀kẹta, ilé aṣòfin kò gbọdọ̀ fòfin de kíkó ẹrú wọlé kí ó tó di ọdún 1808.

Ọdún yìí kan ìtàn àwa Yorùbá ju bí a ti ń rò lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1808 ni òfin tó de òwò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun tó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká gbóná jù, tí a sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ́pọ̀ yanturu; Bàhíà ní Brazil àti erékùṣù Cuba ni ọ̀pọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí. Ìdí kan nìyí tí a fi ń gbọ́ èdè wa nínú orin ìsìn ní Salvador àti Havana, tí a kò sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní Charleston.

Ìfọwọ́sí, àti ohun tí a gbà ní pàṣípààrọ̀

Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ gbà á wọlé kí ó tó di òfin, àti pé ìpàdé pàtàkì tí a pè fún un ni yóò ṣe ìyẹn, kì í ṣe ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Madison, Alexander Hamilton àti John Jay kọ àpilẹ̀kọ márùnlélọ́gọ́rin láti gbèjà rẹ̀. Àwọn alátakò bèèrè pé: níbo ni ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè wọn ni ó bí àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní ọdún 1791, tí ó dáàbò bo ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀sìn, ìwé ìròyìn àti ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Àwọn tí ó pàdánù nínú ìbò ni a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn.

Nàìjíríà gba ètò ààrẹ àti ilé aṣòfin méjì yìí ní ọdún 1979. Ìwé òfin ti ọdún 1999 náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “àwa ènìyàn”, ṣùgbọ́n àṣẹ ìjọba ológun ni ó gbé e jáde, a kò sì pe àwọn ará ìlú láti dìbò lé e lórí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú rẹ̀ pa. Ẹ̀dà ètò náà dé ọwọ́ wa. Ọ̀nà tí a fi ń sọ ọ́ di tiwa ni kò bá a dé.

Gbólóhùn ọdún 1868

Ní ọdún 1857, nínú ẹjọ́ Dred Scott, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn adúláwọ̀ tí baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó ti gba òmìnira, kò sí lára “àwa”, wọn kò sì lè di ọmọ orílẹ̀-èdè náà láéláé. Ogun abẹ́lé ni ó fọ́ ìdájọ́ yẹn. Àtúnṣe Kẹtàlá, ní ọdún 1865, fòpin sí oko ẹrú. Àtúnṣe Kẹrìnlá, ní ọdún 1868, sọ pé ẹnikẹ́ni tí a bá bí sí Amẹ́ríkà, tí ó sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè náà ni. Ní ọdún 1898, Wong Kim Ark, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ṣáínà, tí a sì bí sí San Francisco, fi gbólóhùn yìí jàre nígbà tí wọ́n kọ̀ kí ó wọlé láti ìrìn àjò.

Kò sí ìgbà tí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ tiwa kò dá lórí gbólóhùn yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a lọ kàwé níbẹ̀ bí ọmọ nígbà tí físà akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan pé ọmọ tí a bá bí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, tí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ láìní ìwé tàbí pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, tí baba rẹ̀ kò sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí ayé, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, adájọ́ kan ní Seattle ti dá àṣẹ náà dúró, àwọn adájọ́ mìíràn sì tẹ̀lé e, títí tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Àwọn tí ó gbèjà àṣẹ náà di apá kékeré gbólóhùn náà mú, “tí ó sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀”. Wọ́n ní òbí tí ó wá fún ìgbà díẹ̀ kò wà lábẹ́ àṣẹ náà ní kíkún. Àwọn alátakò wọn dáhùn pé ẹni tí ọlọ́pàá ibẹ̀ lè mú, tí adájọ́ ibẹ̀ sì lè jù sẹ́wọ̀n, abẹ́ àṣẹ ta ni ẹ ní ó wà?